Àdúgbò, Aládùúgbò àti Ìgbé-Ayé Ojoojúmọ́ ní Ìlú Chicago

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti Amẹ́ríkà dé, pé lọ́hùn-ún, ènìyàn lè gbé inú ilé kan fún ọdún márùn-ún láìmọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo wà láàrin òun àti rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà a máa kọ ọ́ sínú àròkọ bí ẹni pé òfin ni: ìlú òyìnbó, kóńkó jabele, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti wo bí àwọn ará Chicago ṣe ń bá ara wọn gbé, kí a sì ṣàlàyé ìdí tí àdúgbò méjì tó fara kan ara wọn nínú ìlú kan náà fi lè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ìkíni àti ìwà ọmọlúàbí lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1995, ikú àti ìyè ni.

Ìlú tó kún fún àdúgbò

Etí adágún Michigan ni Chicago wà, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Adágún náà fẹ̀ débi pé ẹni tó dúró sí etí rẹ̀ kò lè rí òdì kejì. Nǹkan bí 2,700,000 ènìyàn ló ń gbé ìlú náà. Iná ńlá jó o ní ọdún 1871, wọ́n sì tún un kọ́. Àwọn títì rẹ̀ tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n. Ibi tí títì State àti títì Madison ti pàdé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka nọ́ńbà ilé, tí 800 sì dúró fún máìlì kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ nọ́ńbà ilé kan ti mọ bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe jìn tó.

Lónìí, àgbègbè 77 ni wọ́n pín ìlú náà sí. Bí a bá bi ọmọ Chicago pé níbo ló ti wá, orúkọ àdúgbò rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dá. Àdúgbò kan tún lè ti ọwọ́ ẹ̀yà kan bọ́ sí ti òmíràn. Àwọn ará Bohemia ló kọ́kọ́ pọ̀ ní Pilsen, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rí orúkọ àdúgbò ọ̀hún, kí àwọn ará Mẹ́síkò tó wá kún ibẹ̀. Ní Bronzeville, ní apá gúúsù, àwọn ènìyàn dúdú tó ń sá fún ìyà àti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n wá tẹ̀dó láti nǹkan bí ọdún 1916 lọ. Ìwé ìròyìn Chicago Defender, tí Robert Abbott dá sílẹ̀ ní ọdún 1905, wà lára ohun tó ń pè wọ́n wá. Ìwé ìròyìn yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de Bud Billiken fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1929. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe é nínú oṣù Kẹjọ, kí iléèwé tó wọlé.

Nínú irú àwọn àdúgbò báyìí, ilé alájà méjì wọ́pọ̀: onílé á máa gbé ìsàlẹ̀, ayálégbé tàbí ẹbí á máa gbé òkè. Àwọn tí ilé wọn wà lójú títì kan náà lè kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, kí wọ́n sì ri pátákó òfin mọ́lẹ̀ ní ìkángun títì wọn: ẹ má gbá bọ́ọ̀lù síbí, ẹ má fọ ọkọ̀ síbí, ẹ má dúró ṣeré lásán síbí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú láti dí títì náà pa fún ọjọ́ kan, kí wọ́n sun ẹran, kí àwọn ọmọdé sì máa sáré kiri.

Ìgbà òtútù ní òfin tirẹ̀, tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò níbi tó fẹ́ gbé ọkọ̀ sí á gbé àga àtijọ́ tàbí àpótí síbẹ̀ kó tó wakọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. “Dibs” ni wọ́n ń pè é. Ìjọba kò fọwọ́ sí i, nítorí títì kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ẹni tó bá gbé àga náà kúrò lè jí láàárọ̀ kó bá táyà rẹ̀ nílẹ̀. A lè pe èyí ní ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan. Lójú tèmi, ó ń fi hàn pé àwọn ènìyàn náà ń ṣọ́ ara wọn.

Ooru ọdún 1995

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje ọdún 1995, ooru ga dé 41 ní ìwọ̀n Celsius ní pápákọ̀ òfuurufú Midway. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru oṣù Kẹta lè rò pé èyí kò tó nǹkan. Ẹ rántí pé bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun òrùlé wọn, òtútù ni wọ́n sì kọ́ wọn dè. Ilẹ̀ ń ṣú, inú ilé kò tutù. Iná mọ̀nàmọ́ná lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Àwọn ènìyàn ṣí ẹ̀rọ omi panápaná lójú títì kí àwọn ọmọ lè rí omi wẹ̀, omi sì ń wọ́n nínú àwọn ilé kan. Òkú pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kó ọkọ̀ akẹ́rù tó ní ẹ̀rọ amóhuntutù wá sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, iye àwọn tó kú ní ọ̀sẹ̀ náà fi 739 lé sí iye tó yẹ kó jẹ́.

Arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló dá gbé, tí wọ́n ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa nítorí ìbẹ̀rù olè. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò wá béèrè òkú wọn. Ó ju ogójì lọ nínú wọn tí wọ́n sin pọ̀ sínú kòtò kan ṣoṣo. Àwa tí a ń sọ pé ènìyàn laṣọ, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Eric Klinenberg, ọmọ bíbí Chicago, ṣe ìwádìí ikú wọ̀nyí, ó sì gbé ìwé rẹ̀, Heat Wave, jáde ní ọdún 2002. Ó fi àdúgbò méjì wé ara wọn: North Lawndale, tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí jù, àti South Lawndale, tí wọ́n tún ń pè ní Little Village, níbi tí àwọn ará Mẹ́síkò pọ̀ sí. Wọ́n fara ti ara wọn. Òṣì wà ní méjèèjì, arúgbó tó dá gbé sì wà ní méjèèjì. Síbẹ̀, bí a bá fi iye olùgbé wọn ṣírò rẹ̀, ikú tó ṣẹlẹ̀ ní North Lawndale tó ìlọ́po mẹ́wàá ti South Lawndale.

Ohun tó fà á

Àwọn kan yára sọ pé àṣà ni: àwọn ará Mẹ́síkò ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, wọ́n sì fẹ́ràn ẹbí. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ṣé àwọn ènìyàn dúdú kò fẹ́ràn ìyá wọn ni? Klinenberg kò gba àlàyé náà gbọ́ tán, èmi náà kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí a wo títì fúnra rẹ̀. Ní títì 26th ní Little Village, ṣọ́ọ̀bù kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: ilé búrẹ́dì, ilé oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ayẹyẹ fún àwọn ọmọbìnrin tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ àgbàdo kiri. Arúgbó lè jáde síbẹ̀ láìbẹ̀rù, kó wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì béèrè bó ṣe sùn.

North Lawndale náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1960, nǹkan bí 125,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ńláńlá kógbá wọlé. Sears pàápàá kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí àárín ìlú ní ọdún 1973. Ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé wọn, àwọn tó lágbára kó lọ, ilé di ahoro. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1990, àwọn olùgbé rẹ̀ kò pé 50,000 mọ́. Arúgbó tó kù síbẹ̀ kò rí ibi tí yóò rìn lọ, kò sì rí ẹni tí yóò pàdé lọ́nà.

Ohun tó fi ìdí èyí múlẹ̀ ni Englewood àti Auburn Gresham, ní apá gúúsù ìlú náà. Ènìyàn dúdú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún méjèèjì, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Nínú 100,000 ènìyàn, ikú Englewood jẹ́ 33, ti Auburn Gresham jẹ́ 3. Auburn Gresham kò tíì ṣófo: ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì wà, ẹgbẹ́ onípátákó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì ń ṣèpàdé.

Ní ọdún 1999, ooru ńlá tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba ìlú ṣí ibi ìtura fún àwọn ènìyàn, wọ́n ń pe àwọn arúgbó tó dá gbé lórí fóònù, wọ́n sì rán ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ láti lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ènìyàn bí 110 ló kú. Lónìí, ará Chicago tí kò bá gbúròó aládùúgbò rẹ̀ lè tẹ 311, kó ní kí wọ́n rán ẹnì kan lọ wò ó.