Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ìwádìí Òkun *Dr Fridtjof Nansen* ní Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ìfáàrà

Ní àwọn ọjà ilẹ̀ Yewa, ìbáà ṣe ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò, a máa ń rí ẹja òkun yíyan rà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ka iye ẹja tí ó ṣẹ́ kù sínú òkun? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn, nípa ṣíṣe àlàyé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tí ó ti ń wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti àwọn ọdún 1980.

Orúkọ àti àsíá ọkọ̀ náà

Ọmọ orílẹ̀-èdè Norway ni Fridtjof Nansen tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ yìí. Ní 1893, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí yìnyín òkun àríwá ayé há ọkọ̀ rẹ̀, *Fram*, mọ́ àárín, kí ó lè mọ ibi tí omi ń gbé yìnyín náà lọ. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní 1922. Ọkọ̀ mẹ́ta ni ó ti jẹ́ orúkọ yìí tẹ̀lé ara wọn: èkíní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, èkejì ní 1993, ẹ̀kẹta ní 2017. Gígùn ẹ̀kẹta yìí ju mítà 74 lọ. Norway ni ó ni ín, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, sì ń bá wọn darí iṣẹ́ rẹ̀.

Àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ọkọ̀ náà ń ta. Ìdí rẹ̀ kò ní ṣòro fún ará ẹnubodè láti mọ̀. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà tí ó pín ilẹ̀ wa sí méjì, tí Kétu bọ́ sí apá kan, tí Ìmẹ̀kọ sì wà ní apá kejì. Ẹja kò mọ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Agbo ẹja ṣáwá lè wà nínú omi Gánà lónìí, kí ó gba ti Tógò kọjá sí ti Benin. Àsíá yìí ni ó mú kí ó rọrùn fún ọkọ̀ náà láti ti omi orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, bí àwọn ìjọba bá ti fọwọ́ sí i.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Tọ̀sán-tòru ni iṣẹ́ ń lọ nínú ọkọ̀ náà. Bí àwọn kan bá ń sùn, àwọn mìíràn wà lẹ́nu iṣẹ́. Atukọ̀, ẹlẹ́rọ, alásè àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n jọ ń gbé inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà nínú omi rẹ̀ a sì máa wà lára wọn. Bí ó bá gúnlẹ̀ sí èbúté, yóò gba epo àti oúnjẹ. Àwọn kan yóò sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn yóò wọlé.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe ìwádìí:

(i) *Ohùn:* Ọkọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀ bí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè. Ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ ń rán ohùn lọ sísàlẹ̀. Bí ohùn náà bá kan ẹja, pàápàá àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, yóò padà wá gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn. Agbára ohùn tí ó padà ni a fi ń ṣírò bí ẹja ti pọ̀ tó.

(ii) *Àwọ̀n:* Ohùn nìkan kò tó láti mọ irú ẹja tí ó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àwọ̀n kó díẹ̀, tí wọ́n ń wọn gígùn àti ìwúwo rẹ̀, tí wọ́n sì ń yẹ inú rẹ̀ wò bóyá ó ti fẹ́ yé ẹyin. Òkúta kékeré inú etí ẹja ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀.

(iii) *Omi:* Wọ́n ń sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú ibú láti wọn ìgbóná omi, iyọ̀ àti ọ́síjìn. Láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní etíkun Gánà àti àyíká rẹ̀. Ó ń gbé ohun tí ewéko inú òkun ń jẹ wá, ṣáwá a sì pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Ṣáwá inú omi Gánà ti dín kù gidigidi nítorí ìpajù. Ní 2019, ìjọba Gánà dá àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ onígi dúró fún oṣù kan kí ẹja lè bí sí i. Irú òfin báyìí a máa fi ebi pa ìdílé apẹja. Bí wọn kò bá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un ní èdè tí ó gbọ́, ìkà ni yóò kà á sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ ọkọ̀ náà, apẹja etíkun wa sì ń sọ Yorùbá tàbí Ẹ̀gùn. Iṣẹ́ akọ́mọlédè nìyí: kí a wá ọ̀rọ̀ tí ó yéni fún ìmọ̀ yìí, bíi *ẹja òkè omi* àti *ẹja ìsàlẹ̀ omi*, kí a sì fi kọ́ni.

Ìkádìí

A ti rí i pé ohùn, àwọ̀n àti omi ni ọkọ̀ *Dr Fridtjof Nansen* fi ń mọ ohun tí ó kù nínú òkun. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọkọ̀ yìí ń bá wa ṣọ́ òkun. Ó kù kí ohun tí ó rí dé etí ẹni tí ó ń ju àwọ̀n.