Ta Ni Àǹtí Ń Pè?

Mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn ọmọ Púráímárì kẹrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan fún mọ́ra wọn ní mẹ́rin. Iléèwé ìjọba ni, n'Íbàdàn, ìṣirò ni wọ́n sì fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ni èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì wà. Ó ti ya ìjókòó kíláàsì náà sórí bébà, ojú kan fún ọmọ kan, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bíírò búlúù wà fún ìgbà tí tíṣà bá pe ọmọ kó dáhùn, dúdú fún ìyìn, pupa fún ìbáwí.

"Ojú tíṣà ni kí ẹ máa wò," ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ibi tó bá ń lọ ni ìbéèrè ń lọ."

Àǹtí, bí àwọn ọmọ ṣe ń pe tíṣà wọn, ya ọsàn sójú pátákó, ó là á sí mẹ́rin, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun mẹ́ta. Ìdá mélòó la kùn? Ọwọ́ nà sókè. "Èmi mà! Èmi mà!" Ó pe ọmọkùnrin kan níwájú, ọmọ náà sì gbà á. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" Búlúù, dúdú. Ìbéèrè kejì, iwájú náà ni. Ìkẹta, ẹni tó jókòó tì í. Nígbà tó yá, àmì ti kún ìlà iwájú, ọ̀pọ̀ ojú lẹ́yìn ṣì funfun. Pupa ló pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀: "Ìwọ, jókòó dáadáa!"

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan báyìí. Olùwádìí kan, Ned Flanders, ní Amẹ́ríkà pín ọ̀rọ̀ inú kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni olùwòye sì ń sàmì. Jere Brophy àti Thomas Good ló wá tọpa ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1970, wọ́n jábọ̀ pé àwọn ọmọ tí tíṣà gbà pé wọ́n mọ̀wé ló ń gba ìyìn jù. Bí àwọn yòókù bá ṣì í, tíṣà kì í sábà tún ìbéèrè náà là fún wọn.

Ti ìdúró ló ká mi lára jù. Olùwádìí mìíràn, Mary Budd Rowe, kọ ọ́ ní 1974 pé nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni tíṣà ń dúró kó tó gba ìbéèrè lẹ́nu ọmọ, àti pé ó ń dúró pẹ́ díẹ̀ sí i fún àwọn tó kà sí ọlọ́pọlọ. Bí tíṣà bá mú un dé mẹ́ta, ìdáhùn á gùn, àwọn tí wọ́n ń pè ní olódo pàápàá á sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú. Àǹtí pe ọmọbìnrin kan lẹ́yìn. N kò tíì ka "ení" tán tí ìbéèrè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ọmọbìnrin náà ṣì dáhùn. "Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mà."

"Òyìnbó ni kí o sọ!"

Ó jókòó. Ó gbà á o, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà mú rúlà, ó fa ìlà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà fún ìdáhùn tó tọ̀nà tí wọ́n kọ̀ nítorí èdè. Inú mi dùn sí ìlà yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. N'Ílé-Ifẹ̀, láti 1970, iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa darí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà, ó sì so èso rere.

Nígbà ìsinmi, wọ́n tẹ́ bébà náà síwájú Àǹtí. Ó wò ó pẹ́. "Gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn," ó ní. Mo gbà á gbọ́, mo rí bó ṣe bá ọ̀kan nínú wọn so okùn bàtà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn kò pè kò lè fi ìfẹ́ yẹn kọ́ ìdá. Kíláàsì náà kún jù fún ẹnì kan, ìyẹn náà kò ṣeé fi bò. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí irú bébà yìí dé ọwọ́ ẹni tó máa fi jẹ tíṣà níyà. Tíṣà gan-an ló ni ín.

Àǹtí ti ń wá bébà òfìfo. "Ẹ fún mi ní méjì. Tíṣà kíláàsì karùn-ún á wá bá mi sàmì lọ́la, èmi náà á lọ sàmì tiẹ̀."