Irin Onípele

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ọnà ni alágbẹ̀dẹ irin onípele ń fà yọ. Bí ẹ bá rí ọ̀bẹ tí ara rẹ̀ dà bí ìgbì omi, ẹ má rò pé a kùn ún ni. Láti inú irin ni ọnà náà ti wá.

Irin oríṣi méjì ni a fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò ní Máfolúkù kò ní rìn jìnnà. Sípíríǹgì ọkọ̀ àlòkù, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá, wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ọjà Ládípọ̀ sì wà nítòsí. Èkejì ni ayùn ńlá tí a fi ń la gẹdú, irú èyí tí ó ní nickel nínú. (Kì í ṣe gbogbo ayùn ni ó ní in.)

A ó gé wọn dọ́gba, a ó ha wọ́n títí wọn yóò fi máa dán, a ó sì tò wọ́n léra, sípíríǹgì kan, ayùn kan. Bí wọ́n bá ti pọ́n nínú iná èédú, a ó bu borax sí wọn. Borax yóò yọ́, yóò sì bo irin, kí afẹ́fẹ́ má baà dá èépá dúdú sí àárín wọn. Ewìrì yóò máa fẹ́ títí irin yóò fi kọjá pupa di àwọ̀ ìyeyè, nǹkan bí 1,250°C. Ìgbà náà ni owú yóò bọ́ sí i. Àwọn ajórin tí ń lo iná mànàmáná a máa yọ́ irin kí ó tó lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kì í yọ́ ọ, lílù ni ó fi ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ibí ni iṣẹ́ ti le jù. Bí èépá díẹ̀ bá kù láàárín, ó lè má hàn títí a ó fi ri ọ̀bẹ sínú epo kí ó lè le, ibẹ̀ ni yóò ti là, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ a sì ṣòfò.

Bí ó bá lẹ̀ dáadáa, a ó lù ú gùn, a ó gé e, a ó tún kó o léra. Ìpele 10 yóò di 20. Bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó di 320. Nígbà tí a bá ti rọ ọ̀bẹ tí a sì ti dán an, a ó rì í sínú ferric chloride, omi tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń jẹ bàbà. Sípíríǹgì yóò di dúdú. Ayùn yóò máa dán.

Damascus ni àwọn Òyìnbó ń pè é. William Moran ará Amẹ́ríkà pàtẹ irú rẹ̀ ní 1973, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n idà Damascus àtijọ́ yàtọ̀: irin tí a yọ́ nínú ìkòkò ni, irú ti Íńdíà.

Ní tèmi, ọnà yìí kò mú kí ọ̀bẹ mú ju ti sípíríǹgì lásán lọ. Owó ẹwà ni à ń san. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú, irin lásán tí a fi ásíìdì ya ọnà sí lára. Ẹ fi fáìlì ha ibì kan, kí ẹ tún rì í sínú omi náà. Bí ó bá jẹ́ onípele, ọnà yóò padà wá. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ yóò kàn dúdú ni.