Oníṣòwò aṣọ tó tú àṣírí ojú ọ̀run

Aṣọ ṣẹ́dà ni ìdílé William Huggins ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin yìí ta òwò náà dànù, ó gbájú mọ́ ìràwọ̀. Ẹ gbọ́ ná!

Nínú ìkùukùu Orion lójú ọ̀run, ìràwọ̀ mẹ́rin fún mọ́ra, àwọn ló ń tàn án bí àtùpà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn: ṣé èéfín ni ìkùukùu ọ̀hún, àbí ògìdìgbó ìràwọ̀ wẹ́wẹ́? Lọ́dún 1865, Huggins fi dígí ya ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí òṣùmàrè. Ti ìràwọ̀ a máa tẹ́ gbalaja bí aṣọ; tiẹ̀, ìlà mẹ́ta péré, tín-ín-rín bí òwú! Èéfín ni lóòótọ́.

Ìlà aláwọ̀ ewé kan ló wá dà wọ́n láàmú, wọ́n ní irú rẹ̀ ò sí láyé. Irọ́ ni o! Lọ́dún 1927, Ira Bowen ará Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ́síjìn tí gbogbo wa ń mí símú náà ni.