Ẹ Wo Ẹ̀yìn Sólà Kẹ́ Ẹ Tó So Ó!

Látìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè ní 2023, àwọn télọ̀ àti onígbàjámọ̀ tó ra àpótí iná alágbèéká kò kéré. Ẹlòmíì, owó àjọ ló fi rà á. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: pánẹ́ẹ̀lì sólà kì í ṣe omi ọbẹ̀ téèyàn ń bù kún ṣáá!

Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ "Voc" sí. Agbára iná tó lè tì jáde jù nìyẹn. Ká ní fólítì 22 ni, tí àpótí kò sì gbà ju 30 lọ, kò séwu. Ṣùgbọ́n béèyàn bá to méjì tẹ̀léra, "+" ọ̀kan mọ́ "−" èkejì, 22 di 44. Owó àjọ jóná nìyẹn! Bí méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, tó so "+" mọ́ "+", "−" mọ́ "−", 22 náà ni yóò wà. Áńpù ló máa lé sí i.

Òwúrọ̀ ọyẹ́ tún máa ń gbé fólítì ga, nítorí náà kí àyè ṣẹ́ kù. Kéèyàn tó so wáyà, kó fi aṣọ tó nípọn bo pánẹ́ẹ̀lì, kó sì gbé àpótí síbòòji. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹni tó bá kánjú, àpò rẹ̀ ló máa sunkún.