Kí Ni Ògúndé Ní Kí Yorùbá Rò?

Orin kan wà ní ilẹ̀ wa tí kì í kú. Bí ìbò bá ti ń súnmọ́ ilé, àwọn olóṣèlú a tún gbé e dìde. Ní àsìkò ìbò ọdún 2023, a gbọ́ gbólóhùn náà, "Yorùbá Ronú," ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn kan sì sọ ọ́ di kùmọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àlejò. Ní ìlú bí Àgbàdo, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ègùn àti Haúsá ti jọ ń gbé, tí àwọn ọmọ wọn sì jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó yẹ kí a bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́.

Ní Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni a bí Hubert Ògúndé ní ọdún 1916. Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀kan nínú yín ni í ṣe, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọdún 1941. Ẹnu iṣẹ́ ọlọ́pàá náà ni ó wà ní Èkó ní ọdún 1944, nígbà tí ó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ Aládùúrà kan, lórí ìtàn Ọgbà Édẹ́nì. Àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà á, kò sì pẹ́ tí ó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1945, Ògúndé fi ìyà wọn ṣe eré. Ní Jos, lókè Ọya, àwọn aláṣẹ fi òfin de eré náà ní ọdún 1946. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Enugu. Ẹni tí ó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá rí kò dákẹ́: ó gbé eré lórí ọ̀ràn náà jáde ní ọdún 1950. Àwọn tí ó kú kì í ṣe ọmọ Òsósà, wọn kì í sì í ṣe Yorùbá; síbẹ̀ Ògúndé bá wọn sunkún.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó kọ "Yorùbá Ronú" ní ọdún 1964. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti fọ́ sí méjì ní ọdún 1962, a sì ti sọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1963. Nínú eré náà, igbákejì ọba di ọ̀tẹ̀ mọ́ ọba, ó sì bá ọ̀tá pa ìmọ̀ pọ̀. Ìjọba Olóyè S. L. Akíntọ́lá mọ ẹni tí òwe ń bá wí: ó fi òfin de Ògúndé àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbà tí ìjọba ológun dé ní ọdún 1966 ni a tó mú òfin náà kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. "Rò" àti "inú" ni ó di "ronú." Kì í ṣe ìta ni a ní kí Yorùbá máa wò, inú ara rẹ̀ ni. Àwọn àgbà sì wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹnu tí ògiri la ni Ògúndé ń kọrin lé lórí, kì í ṣe aláǹgbá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹni tí yóò bá gbé orin yìí dání lọ sí ibi ìpolongo, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn aṣíwájú tirẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fi agbára ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ Àgbàdo ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn orin náà, ẹ sọ ti Enugu mọ́ ọn. Ó dá wa lójú pé ọmọ tí ó bá gbọ́ ìtàn méjèèjì kò ní lè fi orin Ògúndé lé ọmọ Ìgbò tí wọ́n jọ jókòó kúrò lórí bẹ́ǹṣì.