Ọkọ̀ Elépo-àti-Iná: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Yá Ọmọ Ẹgbẹ́ Lówó Rà Á?

Láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo pẹtiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo ti di ẹrù wúwo fún àwọn tí ń ti Ajah, Badore àti Sangotedo lọ ṣiṣẹ́ ní Marina lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bèèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá wọn lówó ra ọkọ̀ tí ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní plug-in hybrid. Àwa ayẹ̀wéwò ẹgbẹ́ rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó.

Ọkọ̀ yìí ní ẹ́ńjìnì elépo, ó sì tún ní ẹ̀rọ oníná àti bátìrì ńlá. Ní alẹ́, a ó ki okùn rẹ̀ bọ ihò iná ilé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iná inú bátìrì ni yóò kọ́kọ́ lò. Púpọ̀ nínú wọn lè fi iná nìkan rin nǹkan bíi kìlómítà 40 sí 80. Bí iná bá tán, epo a gbà á, ọkọ̀ kò ní dúró sójú títì. Láti Ajah dé CMS kò tó kìlómítà 30.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìrìn kìlómítà 30 lè jẹ iná bíi yúníìtì 7. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A ń san náírà 209.50 lórí yúníìtì kan. Yúníìtì 7 jẹ́ náírà 1,466.50. Ọkọ̀ elépo lásán lè mu lítà 3 ní ìrìn kan náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù yẹn, NNPC gbé lítà kan sí náírà 998 l'Ékòó. Lítà 3 jẹ́ náírà 2,994. Iye owó a máa yí padà, kí olúkúlùkù fi ti ọjọ́ rẹ̀ ṣírò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré cháàjì ọkọ̀ náà, yúníìtì 7 yẹn yóò mu epo bíi lítà 3 sí 4. Èrè ti wọmi nìyẹn.

Níbo ni iná ti ń wá? Gáàsì ni ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin ní Ìkòròdú ń lò. Ní ilẹ̀ Faransé, agbára átọ́míìkì ló ń pèsè iná tí ó ju ìdajì lọ, wọn kì í sì í da ohun ìdáná tí wọ́n ti lò nù. Ní La Hague, wọ́n ń ṣe é bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe ẹyìn: bí wọ́n bá fún epo pupa tán, wọn a tún fọ́ èkùrọ́ láti yọ àdín. Nínú ohun ìdáná tí a ti lò, nǹkan bíi 95 nínú 100 ṣì jẹ́ uranium, nǹkan bíi 1 sì jẹ́ plutonium. Iṣẹ́ náà wọ́n, ó sì léwu, nítorí a lè fi plutonium ṣe bọ́ǹbù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá irú iṣẹ́ yìí dúró ní THORP, Sellafield, ní ọdún 2018. Ẹ̀rọ átọ́míìkì tiwa tí ó wà ní Zaria láti ọdún 2004, ti ìwádìí ni, kì í pèsè iná. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fọkàn tán iná átọ́míìkì kó lọ ra ọkọ̀ lónìí.

Ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ nìyí:

1. Kí ẹni tí ń yá owó fi hàn pé iná ń dúró ní àdúgbò òun. Ìsọ̀rí A ló yẹ kí ó ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán.

2. Kí a wò ó bóyá ọkọ̀ náà ní ihò cháàjì. Hybrid lásán, bí ọ̀pọ̀ Prius, kò ní in. Epo nìkan ni a ń rà sí i.

3. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ bátìrì yẹ tòkunbọ̀ wò. Ọdún 8 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń dúró fún bátìrì tuntun. Kí a bèèrè bóyá omi ti bo ọkọ̀ náà rí, nítorí ilẹ̀ olómi ni Lekki àti Ajah.

4. Kí ọjọ́ ìsanwó má gùn ju ọjọ́ tí bátìrì lè lò lọ, kí àwọn onídùúró má baà máa san gbèsè ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́.

Òógùn gbogbo wa ni owó ẹgbẹ́. Bí a bá ń sunkún owó epo, ẹ jẹ́ kí a máa ríran.